Ìwọ Lórí Bẹ́ńṣì, Èmi Lẹ́nu Géètì

Bàrígà,
Òwúrọ̀ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tíṣà tó wá di tíṣà,

Má wò ó pé bírò pupa ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò máàkì rẹ. Òun nìkan ló kù nínú dúrọ́ọ̀ mi, ìyá rẹ ti kó gbogbo bírò búlúù lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fọlá Àgòrò, ó fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n ìbàdí àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ kíláàsì kìíní kí n tó fẹ̀yìn tì. Bírò pupa ti mọ́ mi lọ́wọ́ ju ṣíbí lọ.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Kí ló dé tí wọn ò pè mí lórí fóònù?" Mo gbìyànjú. Bí mo bá pè, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni, "Ẹ káàárọ̀ sà. Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó dáa sà." Kí n tó tú ohun tó wà níkùn mi, o ti ní, "Ó dàbọ̀ sà." Ìwé kò lè sọ fún mi pé ó dàbọ̀. Tí mo bá ń kọ ọ́, màá kọ ọ́ tán.

Nígbà tí o wá kí wa ní Sọ́ńdè tó kọjá, tí o sọ pé o ti rí iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé kan ní Palmgrove, inú mi dùn débi pé mo mu omi lẹ́ẹ̀mejì láìsí òùngbẹ. Kíláàsì kìíní ni wọ́n fún ọ, kíláàsì tí èmi náà lo ayé mi nínú rẹ̀. O tún ní Móyọ̀ ọmọ rẹ yóò wà nínú kíláàsì ọ̀hún. Mo ní Olúwa ṣeun. Ibẹ̀ ni o ti kọjú sí ọmọ náà, o na ìka sí i, o ní, "Móyọ̀, gbọ́ o. Ní skúùlù, Anti ni kó o máa pè mí. Mi kì í ṣe Mọ́mì ẹ níbẹ̀ o." Ọmọ ọdún márùn-ún náà wò ọ́, ó jẹ bisikíìtì ẹnu rẹ̀ tán, ó ní, "Ta ló wá máa wá mú mi lọ sílé?" O ní, "Anti ni." Ọkọ rẹ rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín, èmi ló ń wò. Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ lọ wo táǹkì omi. Kò sí ohun tó ṣe táǹkì. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Ìdí ẹkún yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n má kán mi lójú. Tíṣà kì í wọnú iṣẹ́ tuntun láì ṣe àtúnyẹ̀wò ti àná, èmi náà ò ní ṣe é lónìí.

Èkíní. Mọ̀ pé ohun tí o bá sọ ni ọmọ ọdún márùn-ún ń gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí o ní lọ́kàn. Wọ́n gbà pé inú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì ni tíṣà ń sùn. Mo ń ra búrẹ́dì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Bájúláyé, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi rí mi, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta: "Mọ́mì! Ọ́ńkù wa ti sá jáde!" Gbogbo ojú wá sára mi bí ẹni tó já ẹ̀wọ̀n. Òmíràn eyín rẹ̀ bọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ tòun tẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ bá mi mú un dání, mò ń bọ̀." Kò padà wá gbà á. Ọjọ́ tí ìyá rẹ fẹ́ fọ aṣọ ló rí i nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, eyín ta rèé?" Àbẹ̀kẹ́, mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi.

Èkejì. Béèrè kí o tó gbé ìgbálẹ̀. Èyí ò dùn-ún sọ. Ọmọ Ìlàjẹ kan wà ní kíláàsì mi, Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń pẹja lọ́sà, ìyá rẹ̀ ń yan án tà létí omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ń ka òǹkà lọ́wọ́, a dé mẹ́tàdínlógún, ni akàn kan bá yọ láti inú báàgì ọmọ náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń bọ̀ wá síwájú bí ẹni tí mo pè. Yéè! Àwọn ọmọ gun orí dẹ́ẹ̀sìkì. Má bi mí léèrè ibi tí èmi wà. Orí tábìlì ni mo ti bá ara mi, mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Nígbà tí ojú tì mí, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ìgbálẹ̀, mo fi ìdí rẹ̀ lu akàn náà pa. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Bọ́sẹ̀ nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní, "Kí ló gbé ọ mú nǹkan báyìí wá sí ilé ìwé?" Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ̀yin ni mo mú un wá fún. Bàbá mi ní kí n mú èyí tó tóbi jù."

Àìbéèrè mi ló pa á. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbéèrè yẹn ì bá gbà. Ọmọ yẹn ò nawọ́ dáhùn ìbéèrè kankan mọ́ títí táàmù fi parí, mo sì kọ ọ́ sínú káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ pé ó máa ń tijú jù. Èmi tí mo fi ìgbálẹ̀ pa ẹ̀bùn rẹ̀ mo kọ irú èyí! Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Wo kòtò tèmi dáadáa.

Ẹ̀kẹta. Máa kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀. Mo ra ìwé kan nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò owó ohun ìlò kíláàsì ni mo wá kọ sínú rẹ̀. Báyìí, ẹ̀rín wọn ṣì wà létí mi, orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Orúkọ ọmọ kan tí mi ò lè gbàgbé ni Wàsíù, ọmọ onítẹ̀wé. Bàbá rẹ̀ a máa kó àwọn ìwé tó bàjẹ́ nídìí ẹ̀rọ fún un, ká lè fi ẹ̀yìn wọn kọ iṣẹ́. Lára wọn ni pósítà ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan wà, yíǹkì ti da orúkọ rẹ̀ rú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó yíjú, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kí mi tán láàárọ̀, wọ́n á yí sí ògiri, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá Kíláàsì!" Bí ẹnì kan bá pariwo, wọ́n á ní Bàbá ń wò ọ́ o. Mo jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, nítorí ó ń bá mi ṣiṣẹ́ ju igbákejì ọ̀gá àgbà lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ kan wọlé wá, ó gbójú sókè, ó pariwo, "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rèé!" ó bú sẹ́kún. Àṣé bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Àwọn ọmọ ló dìde, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ bá a, Wàsíù fọwọ́ kàn án lápá, ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́ ma. Kò kú. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé." Obìnrin náà ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, tọmọdé ló pọ̀ jù.

Mo ń ṣeré kiri ni, o ti mọ̀. Bàbá rẹ a máa fi àwàdà sá fún ọ̀rọ̀. Ó yá, jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tí mo mú ọ wọ ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀yìn Bájúláyé. Nígbà yẹn, gbogbo ọmọ àdúgbò ń pe bàbá wọn ní Dádì. Ìwọ nìkan lo ń pè mí ní Bàámi, torí pé bẹ́ẹ̀ ni o gbọ́ tí mo ń pe bàbá tèmi. Bí mo bá ti yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, wàá ti ké láti bákónì: "Bàámi ti dé o! Bàámi ti dé!" Àwọn mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ a máa bá ọ gbè é.

Ìyá tó ni ilé ìwé náà ti pè wá jọ kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kan ń ráhùn pé ọmọ tíṣà ló máa ń gba ipò kìíní. Ó ní, "Kò sí Dádì, kò sí Mọ́mì nínú ọgbà yìí. Ọ́ńkù ni gbogbo ọkùnrin, Anti ni gbogbo obìnrin." Òfin náà kò burú. Ẹ̀rù ló bà mí jù. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé mi ò ṣojúsàájú. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo mú ọ jókòó sí, ìwọ tí ojú rẹ kò tilẹ̀ ríran dáadáa, tí a wá padà lọ ra awò fún.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, o nawọ́, o ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọ̀." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tó ni ilé ìwé ń kọjá lọ lójú fèrèsé lásìkò náà gan-an. Mo fi ohùn tíṣà kígbe mọ́ ọ: "Ta ni bàámi ẹ níbí? Èmi kì í ṣe bàbá ẹ o! Bàbá ẹ wà nílé. Ọ́ńkù ni mí. Ṣé o gbọ́?"

O ní, "Mo gbọ́, Ọ́ńkù."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó fọ́.

Nígbà tí agogo ìparí lù, àwọn ọmọ ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo bá ọ lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi fúrúùtù, báàgì rẹ lórí itan. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ó yá, ká máa lọ sílé." O mi orí. O ní, "Rárá, Ọ́ńkù. Bàámi ní kí n má tẹ̀lé Ọ́ńkù kankan lọ sílé. Bàámi ń bọ̀ wá mú mi."

Àwọn tíṣà tó kù rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan nínú wọn ṣubú lé ògiri. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo fà ọ́ lọ́wọ́. O di bẹ́ńṣì mú, o figbe bọnu: "Ẹ gbà mí o! Ọ́ńkù fẹ́ gbé mi lọ!" Ìwọ náà mọ Bàrígà. Kí n tó ṣẹ́jú, bàbá tó ń tún bàtà ṣe níwájú géètì ti wọlé, ìyá oníbúrẹ́dì ti wọlé, ọ̀dọ́kùnrin kan ti gbá mi ní ìbàdí ṣòkòtò mú. Bàbá oníbàtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi ọ́ léèrè, "Ọmọ dáadáa, ṣé bàbá ẹ nìyí?" O wò mí dáadáa, láti orí dé ẹsẹ̀. O ní, "Rárá sà. Ọ́ńkù ni. Bàámi wà nílé."

Ìyá tó ni ilé ìwé ló wá jẹ́rìí sí mi kí wọ́n tó fi ṣòkòtò mi sílẹ̀. Mo gbé ọ lé èjìká dé ilé, mo sì nà ọ́ ní pàṣán mẹ́fà. Mo pè é ní àgídí. Àbẹ̀kẹ́, àgídí kọ́. Ìgbọ́ràn ni. Ohun méjì ni èmi fúnra mi sọ fún ọ, pé má tẹ̀lé Ọ́ńkù kankan àti pé Ọ́ńkù ni mí, o pa méjèèjì mọ́, mo wá fi pàṣán san án fún ọ. Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́ láyé mi, ìwọ lo gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, o jẹun tán, o kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ ṣeun, Ọ́ńkù." Lọ́jọ́ kejì, mo yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, bákónì dákẹ́. Àwọn mẹkáníìkì ní, "Tíṣà, ọmọ yín ńkọ́?" Mo ní o ti ń gbọ́n ni. Nígbà tí o dàgbà, Ọ́ńkù di sà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Kí n tó lóye rẹ̀, mo ti sọ ọ́ di àwàdà. Mo sọ ọ́ ní stáfù-rúùmù, mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí. Lọ́jọ́ ìdána rẹ, wọ́n ní kí bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀, ìtàn bẹ́ńṣì náà ni mo tún gbé jáde, àwọn àna wa rẹ́rìn-ín dé omijé. Ìyá rẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, "Ṣé ẹ rí i pé ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín?" Mo wò ọ́. Ìka ẹsẹ̀ rẹ lo ń wò. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní ìgboyà láti bá ọ sọ ọ́ pẹ̀lú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ti pẹ́ ní ìdí mi.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Mo mọ òwe yìí, mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nílé, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo lò. Mo bẹ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́, fi orí jì mí. Mo jẹ̀bi rẹ. Kò sí àlàyé tí mo fẹ́ fi bò ó.

Nísinsìnyí, gbọ́ ti Móyọ̀. Mi ò mọ èyí tí mo ka dé mọ́, ẹ̀kẹrin ni àbí ẹ̀kàrún-ún, èmi tí mò ń kọ́ni ní òǹkà! Bí ilé ìwé rẹ bá ní òfin Anti, tẹ̀lé e. Má bá ọ̀gá rẹ jà. Jẹ́ kí ó pè ọ́ ní Anti láti àárọ̀ dé ìparí. Ṣùgbọ́n má sọ fún un láéláé pé ìwọ kì í ṣe ìyá rẹ̀, ì báà ṣe eré. Sọ fún un pé Mọ́mì wà nínú Anti, ó ń dúró de agogo. Nígbà tí agogo bá sì lù, bọ́ káàdì ilé ìwé kúrò lọ́rùn rẹ. Jáde kúrò ní géètì. Ka ení, èjì, ẹ̀ta lóde níbẹ̀. Kí o wá tún wọlé padà, kí o na ọwọ́ méjèèjì, kí o ké e kí gbogbo ọgbà gbọ́ pé, "Móyọ̀, Mọ́mì ti dé!"

Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rín in. Mo ti wọ̀n ọ́n nínú ọkàn mi láìmọye ìgbà, láti bẹ́ńṣì yẹn dé géètì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ká ní mo jáde lọ, kí n sì padà wọlé bíi bàbá rẹ, o ì bá ti sáré fò mọ́ mi. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi ṣahun sí ọ.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o wá wọn aṣọ iṣẹ́ rẹ wò. Bá mi kí ọkọ rẹ. Olúwa yóò wà pẹ̀lú rẹ nínú iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ á gbọ́ tìrẹ, wọn ò sì ní mú akàn wá.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ilé ìwé bá wọlé, nígbà tí o bá ti mú Móyọ̀ lọ́wọ́ tán, wo ẹnu géètì. Wàá rí bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó wọ búbá, kò wọ táì, kò mú bírò dání. O ò ní láti pè é ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n má bẹ̀rù láti tẹ̀lé e lọ sílé, kì í ṣe Ọ́ńkù.

Bàámi ni. Ó wá mú ọ. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.